Ẹ̀wù Òjò Tó Dé Nígbà Òjò

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta

Mo tún ka àwọn ẹ̀wù òjò tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Nínú ẹgbẹ̀rún tí mo rà lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣì lé ní irínwó. Ta ni yóò rà wọ́n? Òjò ti dá kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn gúnlẹ̀. Èmi nìyẹn nínú oòrùn ní èbúté, tí mò ń gba ẹ̀wù òjò. Alábàárù kan ní, "Màámá, ṣé ti ọdún tó ń bọ̀ lẹ rà sílẹ̀ ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín nìkan ni wọn ò gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Èkúté ti jẹ apá ọ̀kan. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Ọ̀gá Ilé-Ìwé ránṣẹ́ pè mí. Ilé-ìwé mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan péré ló gbé fún mi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí n máa kó ẹ̀wù òjò wá fún, ọ̀kan yẹn náà sì ni igi lẹ́yìn ọgbà mi. Kò ní kí n jókòó. Ó ní gbogbo òjò ọdún tó kọjá ló pa àwọn ọmọ òun, ìwé wọn rin, àwọn òbí sì bú òun nítorí tèmi. Ó ní táàmù tuntun ń wọlé lọ́jọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún. Ẹgbẹ̀ta ẹ̀wù. Bí kò bá sí lọ́rùn ọmọ lọ́jọ́ náà, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú wá sọ́dọ̀ òun mọ́.

Àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn mi ńkọ́? Ó ní kí n gbàgbé. Àwọn ìyá tó rà nínú rẹ̀ ti wá fi han òun: ìborí rẹ̀ kì í dúró lórí ọmọbìnrin.

Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Oṣù méjì ló kù. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 4

Bọ̀dá Òkèèrè wá. Àbúrò ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bọ̀dá Òkèèrè, torí òun ló ń bá wa ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ òkè òkun, tó sì ń gba ìdá tirẹ̀ lórí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé oríkì ni.

Ó ní kí n má mikàn, kí n sáà ti san owó lónìí, wọn á yára. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ńkọ́, ṣé òun náà á yára? Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ máa ń ronú jù." Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ní, "Á dáa." Ohun tó ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Òrùlé jò — á dáa. Ọmọ gbé òdo wálé — á dáa. Baba Á-dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Mi ò san owó. Mi ò sì mọ ohun tí màá ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ọkùnrin kan ń ta báàgì ọmọ ilé-ìwé nítòsí ibùdókọ̀. Mo gbé ọ̀kan, mo yí inú rẹ̀ síta, mo wo ojú ìrán rẹ̀. Ó gún. Wọ́n rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà ní, "Màámá, ṣé inú lẹ fẹ́ máa gbé sójú ni?" Mo ní níbo ni wọ́n ti rán an. Ó ní ìkọjá ẹnubodè ni, lọ́wọ́ obìnrin kan. Òun wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, òun sì ti padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Mo tún bi í, kó má baà jẹ́ pé etí mi ló ń tàn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo lọ. Mo mú ẹyọ kan nínú ti ọdún tó kọjá dání. Bọ́ọ̀sì gbá mi nídìí títí mo fi dé ẹnubodè. Wọ́n tú àpò mi, wọ́n bi mí kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀wù òjò ṣe nínú oòrùn. Ó jọ pé gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.

Yàrá gígùn kan ni, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà ń dún. Àwọn tí kò dún pọ̀ ju àwọn tó ń dún lọ, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó sùn. Obìnrin tó ni ibẹ̀ jù mí lọ. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àyà ẹ̀wù rẹ̀ lọ súà. Kó tó kí mi ni mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Ó gbọ́ èdè wa, ohùn rẹ̀ kàn ń fà díẹ̀ ni. Ó ní nígbà kan, gbogbo ẹ̀rọ yìí ló ń dún. "Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ dágbére."

Mo fún un ní ẹ̀wù. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ rẹ̀ tó di irun gogoro, ó fi ìborí bò ó lórí. Ìborí yọ̀, ó ṣubú sẹ́yìn. Ó tún fi bò ó. Ó tún ṣubú. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi, orí ìgò ni wọ́n rán eléyìí fún." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sanwó rẹ̀.

Kò bú àwọn tó rán an. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ìrán rẹ̀, ó ní ọwọ́ tó mọṣẹ́ ni, wọn ò kàn rí orí tí wọ́n ń ránṣọ fún rí ni. Wọn ò sì mọ ìgbà tí òjò wa ń rọ̀. Ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé: "Ìkùukùu tó bá ṣú síbí lónìí, ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ lọ́la."

Ó ní 21 lórí ẹyọ kan, aṣọ àti iṣẹ́. Mo ní ó wọ́n. Ó ní, "Lọ ṣírò rẹ̀ dáadáa."

Ọjọ́rú, 11

Mo ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Òkèèrè: 17. Ọkọ̀ ojú omi, 3. Èbúté àti àwọn tó ń na ọwọ́ ní èbúté, 2. Yàrá tí wọ́n ń sùn sí títí di òjò ọdún mìíràn, 1 àbọ̀. Ó di 23 àbọ̀, mi ò tíì ka ti èkúté.

Ìyá Abẹ́rẹ́: 21. Bọ́ọ̀sì àti ẹnubodè, 1. Ó di 22.

Èrè ibẹ̀ kò pọ̀, 1 àbọ̀ lórí ẹ̀wù kan. Ìyẹn kọ́ ló wú mi lórí. Ohun tó wú mi lórí ni pé lọ́hùn-ún, wọn kì í gba iṣẹ́ tó dín ní ẹgbẹ̀rún, gbogbo owó ni mo sì gbọ́dọ̀ san kí wọ́n tó gé aṣọ. Níbí, ó ní kí n san ti igba, kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ san ti igba mìíràn. Owó kan náà á lọ, á bọ̀, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Owó tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di àrìnnàkò.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Bọ̀dá Òkèèrè gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó wa, àwọn wọ̀nyẹn? Àwọn tó ń wá ra àlòkù lọ́dọ̀ wa? Kí ni wọ́n mọ̀ tí àwa ò mọ̀?" Ó ní ọjà òkè òkun ní iyì, ti aládùúgbò ò ní. Mo ní aládùúgbò ni mo lè lọ bá jà bí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá dáa. Ti òkè òkun, ta ni mo fẹ́ bá jà — òkun? Ọkọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní, "Á dáa." Mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló ń dá lóhùn.

Mo fi owó ẹ̀wù mẹ́wàá ránṣẹ́ sí Ìyá Abẹ́rẹ́, kí n kọ́kọ́ fi wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo fọ irun Àbígbẹ̀yìn, ọmọ mi tó kéré jù. Bó ṣe jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi yẹn, kí irun tó gbẹ, mo fi téèpù wọn orí rẹ̀, mo sì fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí Ìyá Abẹ́rẹ́ lórí fóònù. Iṣẹ́ méjì lórí ìjókòó kan. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ọ̀gá Ilé-Ìwé kọjá nínú mọ́tò. Mo kúnlẹ̀ kí i. Gíláàsì rẹ̀ kò wálẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Mẹ́wàá dé nínú bọ́ọ̀sì. Mo gbóòórùn rọ́bà tuntun, inú mi dùn bíi ti ọmọdé. Mo pe Àbígbẹ̀yìn, tó ti di irun gogoro láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìborí kò wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ó ṣubú sẹ́yìn bíi ti òkèèrè — kò tilẹ̀ gba irun wọlé rárá. Mo fà á, ọmọ pariwo. Bọ̀dá Òkèèrè wà níbẹ̀, tíì lọ́wọ́. Ọkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ orí ìgò fún un. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìgò ti aládùúgbò yìí mà tún kéré ju ti òkè òkun lọ o."

Mo lọ jókòó sáàárín àwọn ẹ̀wù àtijọ́ ní yàrá ẹ̀yìn.

Irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tó tutù, ni mo fi téèpù wọ̀n. Téèpù rì títí ó fi kan awọ orí. Èmi, tí mo bí ọmọbìnrin mẹ́ta. Èmi náà ti rán ẹ̀wù fún orí ìgò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Mi ò tún fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Orí gan-an ni mo gbé lọ. Àbígbẹ̀yìn bì sí mi lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin tó jókòó tì wá ní, "Ẹ kú ìrìn o," ó sì yí ojú sí fèrèsé.

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo irun ọmọ, ó wo mí, ó kàn mi orí. Ó ní ṣé ọjọ́ tí irun bá tú nìkan ni òjò ń rọ̀ nílé wa. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló tú ẹ̀yìn ìborí kan, ó gé aṣọ kékeré bí ewé, ó ki í bọ̀ ọ́, ó rán an pa. Ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ó ní kó fò. Ó fò. Ó ní kó sáré dé ìdí àwọn ẹ̀rọ tó ń sùn kó sì padà. Ìborí wà lórí digbí. Tíì tí wọ́n gbé fún mi kò tíì tutù.

Mo ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí à ń bọ̀. Àṣìṣe kan náà yìí, ká ní lọ́hùn-ún ni, orí ẹgbẹ̀rún ẹ̀wù ni ì bá wà kí n tó mọ̀. Orí mẹ́wàá ló wà. Ìyá Abẹ́rẹ́ tún ní kí n máa kó ti yàrá ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òun á bá mi pààrọ̀ ìborí wọn ní owó táṣẹ́rẹ́.

Ìdí mi dàbí ẹni pé wọ́n fi ọmọ odó gún un.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹrin

Ara riro. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Igba àkọ́kọ́ dé. Èmi ni mo lọ kó o. Mo lọ wo ìborí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dì í. Ọ̀gá Ilé-Ìwé yí ọ̀kan síwá sẹ́yìn, kò rí ohun tó máa bá wí. Ó san owó igba yẹn. Mo fi san ti igba kejì kó tó gbóná lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Bọ̀dá Òkèèrè wá láàárọ̀. Ó ti mọ̀ pé n kò ní ránṣẹ́ sí òkè òkun lọ́dún yìí. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré mọ́. Ó ní òun ti rí ìyàwó tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ilé, tó ń gbé e fún ará ìta. Ó sọ ọ́ lójú ọmọ mi. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ọkọ là ń pè é, kí ni mo fẹ́ wí?

Ọkọ mi ní, "Kò dáa."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ: "Àbúrò, ohun tí o sọ yẹn kò dáa. Obìnrin yìí ni bọ́ọ̀sì ń gbá kiri. Èmi àti ìwọ, orí ìjókòó la wà." Ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ga. Àbúrò rẹ̀ dìde, ó lọ, tíì rẹ̀ ṣẹ́kù sínú ife. Mo mu ún. A kì í da tíì nù.

Ọkọ mi lọ sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dà bí ẹni pé ó ti ná gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Ẹnubodè. Wọ́n dá ẹrù igba kejì dúró láti àárọ̀. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé lọ sí ìsìnkú. Mo jókòó lórí ẹrù mi bí adìyẹ tó sàba. Aládùúgbò rèé, síbẹ̀ ilẹ̀kùn wà láàárín. Ṣùgbọ́n mo rí ẹrù mi. Ìdí mi wà lórí rẹ̀. Ti èbúté, oṣù kan gbáko ni mo fi ń bi wọ́n níbo ló wà.

Wọ́n jẹ́ ká kọjá nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30

Igba kẹta. Ó pé. Mi ò lágbára láti yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún

Òjò. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀, òjò tó ní ẹ̀rí ọkàn.

Mo lọ dúró sábẹ́ òrùlé oníbúrẹ́dì tó dojú kọ ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ẹ̀wù òjò aláwọ̀ búlúù, kékeré àti ńlá. Àwọn ọmọbìnrin tó di irun gogoro dàbí ẹni tó ru ìkòkò sábẹ́ ìborí. Ìborí kan ò ṣubú. Oníbúrẹ́dì ní, "Màámá, ṣé ọmọ yín kan wà níbẹ̀ ni?" Mo ní gbogbo wọn ni. Ó rò pé orí mi ti ń dàrú.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ọ̀gá Ilé-Ìwé ní kí n jókòó. Ìjókòó yẹn ló yẹ kó kì mí nílọ̀. Ó bi mí ibi tí wọ́n ti ń rán ẹ̀wù yìí. Mo ní ìkọjá ẹnubodè. Ó ní, "Níbi tó sún mọ́ tòsí báyìí?" Ó ní èló ni wọ́n ń gbà. Mo ní sà, ìyẹn wà láàárín èmi àti wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àbúrò ọkọ mi ti ṣèlérí pé yóò mú òun débẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nínú mọ́tò Ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí èmi lè lọ kí n sì bọ̀ lóòjọ́, àwọn náà lè lọ. Òkun kò sí níbẹ̀ tí yóò dá wọn dúró. Èmi ni mo la ọ̀nà náà, mo sì là á dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ìyá Abẹ́rẹ́ pè. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi, ọkùnrin méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan ń bú òòrùn táyà, èkejì ń bú ìjókòó. Iye tí mo ń gbà lọ́wọ́ rẹ ni mo pè fún wọn. Ẹ̀rọ mi tó ń sùn pọ̀, mi ò lè lé oníbàárà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn." Mo ní mo dúpẹ́. Mo sì dúpẹ́ lóòótọ́. Ó ní ohun tí èmi ṣe lòun ní kí àwọn náà ṣe: kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá wo mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí wọ́n mú orí ọmọ dání.

Ọkọ mi bi mí kí ló dé. Mo sọ fún un. Kò ní "Á dáa." Ó kàn wá jókòó tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo ṣírò ohun tó máa kù bí ilé-ìwé yẹn bá lọ. Mo pa ìwé dé.

Ọjọ́rú, 13

Ọ̀gá Ilé-Ìwé wá sí ilé wa. Òun fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ìdí kó tó jókòó, mo mọ ìjókòó yẹn, tèmi ni. Wọn ò jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ kọjá ní ẹnubodè, ìwé rẹ̀ kò pé. Bọ́ọ̀sì lòun àti Bọ̀dá Òkèèrè wọ̀ dé ọ̀hún, bọ́ọ̀sì náà ni wọ́n wọ̀ bọ̀. Bọ̀dá Òkèèrè ti ní òun ò lọ mọ́, pé òun kì í ṣe agbérò. Ọ̀gá Ilé-Ìwé wò mí pẹ́. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń lọ nígbà gbogbo?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. "Tí ẹ tún gbé ọmọ dání?" Mo ní ó bì sí mi lẹ́sẹ̀, sà.

Ó ní kí n máa ṣe ti ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní àti ẹ̀wù òtútù pẹ̀lú. Ó ní èló?

26 ni mò ń tà á fún un. Mo ka gbogbo nǹkan nínú ìṣirò mi, ọkọ̀ ojú omi, èbúté, mo tilẹ̀ rántí èkúté. Mi ò ka ìdí tèmi rí. Mo ní 29.

Kò ná owó náà wálẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó lọ.

Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ó yẹ kí n ti pe 31.

Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni lọ́la. Ọkọ mi ní òun á bá mi lọ, òun á máa gbé ẹrù. Owó ọkọ̀ ẹni méjì, àlọ àti àbọ̀. Mo ṣírò rẹ̀. Mo tún un ṣírò. Mo ní kó máa bọ̀.